Àìná: Ìtàn Orúkọ Ọmọ Tí Ó Gbé Ìwọ́ Kọ́rùn Wáyé

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ Yorùbá. Bí oyè bá ti ń wọ ilé, bí ìyá bá ti ń wá ọmọ tipẹ́, bí baba àgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, orúkọ tí a sọ ọmọ ni yóò ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní láti wo ilé kí ó tó sọ wọ́n. Ọmọ náà gan-an ni a ń wò: bí ó ṣe wá, ohun tí ó gbé lọ́wọ́ wá, ibi tí ó kọjú sí nígbà tí ó ń bọ̀. Agbẹ̀bí a ti pe orúkọ náà kí baba ọmọ tó wọlé. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Yorùbá ń pè é, Àìná sì jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ó sì rìn jìnnà jù lọ.

Ọmọbìnrin tí a bí tí ìwọ́ rẹ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn ni Àìná. Bí ó bá jẹ́ ọmọkùnrin ni ó bá bẹ́ẹ̀ wá, Òjó ni orúkọ rẹ̀. Nínú ẹbí orúkọ kan náà ni a ti rí Àjàyí tí ó dojú bolẹ̀ wáyé, Ìgè tí ó fi ẹsẹ̀ síwájú, Òkè tí a bí sínú àpò, Dàda tí irun orí rẹ̀ ta kókó, Olúgbódi tí ìka rẹ̀ lé, àti Táíwò pẹ̀lú Kẹ́hìndé tí gbogbo ayé mọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó pín orúkọ ọmọ Yorùbá sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ìwé náà: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ọmọ kan lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbísọ a máa sọ ìtàn ilé. Oríkì a máa sọ ìfẹ́ àti ìrètí àwọn tí ó bí ọmọ. Ṣùgbọ́n àmútọ̀runwá, ìròyìn ohun tí ojú rí ni. Kò sí ẹni tí ó lè yàn án, kò sì sí ẹni tí ó lè fi du ọmọ tí ó bá a wá.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè ìtumọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Àwọn kan a máa sọ pé “ẹni tí a kì í nà” ni Àìná, pé ọmọ tí ìwọ́ ti fún lọ́rùn láti inú wá kò tún yẹ fún ẹgba mọ́. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohùn kò gbè é lẹ́yìn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí “nà”, èyí tí í ṣe kí a fi ẹgba lu ènìyàn. Ohùn òkè ni ó sì parí Àìná. Àìnà àti Àìná kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, gẹ́gẹ́ bí òjò tí ń rọ̀ kì í ti í ṣe Òjó tí a bí. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ni pé ọ̀pọ̀ orúkọ àmútọ̀runwá kì í ṣe gbólóhùn tí a lè tú palẹ̀ bí Olúwaṣeun tàbí Adéwálé. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ìtumọ̀ wọn. Bí a bá bi àgbàlagbà pé kí ni Ìgè túmọ̀ sí, kì í tú ọ̀rọ̀ náà; a sọ pé ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ wáyé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àìná.

Èyí jẹ́ kí orúkọ náà jẹ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Àwọn agbẹ̀bí àti àwọn ìyá àgbà tí wọ́n wà nínú yàrá ni wọ́n rí ìwọ́ náà, tí wọ́n fara balẹ̀ tú u kúrò lọ́rùn ọmọ, tí wọ́n sì mú ìròyìn rẹ̀ jáde. Ní ayé àtijọ́, ọjọ́ keje ni a ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Àwọn baba a jókòó, a gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, a sì mú orúkọ àbísọ wá. Ṣùgbọ́n fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà ni gbogbo agbo ilé ti ń pe ọmọ ní Àìná. Ẹ̀rí àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni ó sì sábà máa ń pẹ́ lẹ́nu jù.

Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní jẹ́ kí a mọ ìdí tí orúkọ náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ìwọ́ wé mọ́ ọmọ lọ́rùn kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí bí ọmọ 1 nínú 4 tàbí 5 tí oṣù wọn pé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í sì í fara pa rárá. Nítorí náà, kò sí ìlú Yorùbá kan tí Òjó àti Àìná kò ní sí. Wọn kì í ṣe orúkọ ìdílé ọba, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ti ẹrú. Ọmọ ọba lè jẹ́ Àìná, ọmọ àgbẹ̀ lè jẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun àti òwò ẹrú tú ilẹ̀ Yorùbá ká, àǹfààní orúkọ bẹ́ẹ̀ hàn gbangba. Ọmọdé tí a kó lẹ́rú lè gbàgbé orílẹ̀ baba rẹ̀. Ó lè má mọ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a ti ń pè é láti ọjọ́ tí a bí i kì í tètè kúrò lára. Àjàyí tí a kó ní Òṣogùn ní 1821 jẹ́ àpẹẹrẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo mọ̀. Wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní 1825, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan pè é ní Samuel Crowther. Síbẹ̀, títí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù, Àjàyí kò kúrò láàárín orúkọ méjèèjì náà.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní Freetown, láti 1808, àti ní Havana ní Kúbà láàárín 1824 àti 1841, àwọn akọ̀wé ìjọba kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, gíga wọn, àti ilà tí ó wà lára wọn. Orúkọ tí ó kù lónìí nínú àwọn ìwé náà ju 90,000 lọ. Bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ni ó ṣe kọ ọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ orúkọ ni ó ti dàrú. Síbẹ̀, Òjó, Àjàyí àti Àìná hàn níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ mọ ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti wá, níbi tí akọ̀wé kò ti kọ orúkọ ìlú wọn rárá. Ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí kan sọ lẹ́nu nínú yàrá ti di ẹ̀rí nínú ìwé ìjọba.

Ìtàn tí ó fi èyí hàn jù lọ ni ti ọmọbìnrin Òkè-Ọdàn kan. Òkè-Ọdàn wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa láti 1995, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Nǹkan bí 1843 ni a bí ọmọ náà. Ní 1848 àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ìlú náà. Àwọn òbí rẹ̀ kú sínú ogun, a sì mú òun lọ sí ààfin Ọba Ghezo. Ní 1850, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ sí Dàhọ̀mì láti rọ ọba náà pé kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ọba kò gbà. Ṣùgbọ́n ó fi ọmọbìnrin náà ṣe ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria, Forbes sì gbà á, nítorí ó rí i pé bí òun bá fi í sílẹ̀, pípa ni wọn yóò pa á.

Lójú ọ̀nà Ìlú Ọba ni wọ́n ti fún un ní orúkọ tuntun. Sarah ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Forbes ni orúkọ ọ̀gágun tí ó mú un. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e. Bí a bá wo àwọn orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnikẹ́ni lè ka ìrìn àjò ọmọ náà nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ pé ó ní ilé kí ọkọ̀ tó dé. Ọbabìnrin Victoria gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì gba ìnáwó rẹ̀ rù. Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere ní Freetown ní 1851, wọ́n sì mú un padà sí Ìlú Ọba ní 1855. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ọdún 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni Davies, Sàró ni a ti bí i, oníṣòwò ńlá ni ó sì jẹ́ ní Èkó.

Nínú àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó náà ni orúkọ kan ti yọjú tí kì í ṣe ti Forbes, tí kì í ṣe ti ọkọ̀: Ina. Ina Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n kọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á kọjá. Ẹni tí ó gbọ́ ọ, tí kò sì fara balẹ̀, lè rò pé iná tí a fi ń dáná ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í sọ ọmọ ní Iná. Àìná ni a ń sọ ọmọ, fáwẹ́lì tí ó ṣíwájú nìkan ni akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́. Ọmọdé tí a kó lẹ́rú ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, tí ó ti lo ọdún méjìlá lábẹ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn, ṣì mọ ohun tí a ń pè é nílé. Orúkọ náà sì sọ ohun kan tí Forbes kò lè mọ̀ láé: pé obìnrin kan wà ní Òkè-Ọdàn tí ó tú ìwọ́ kúrò lọ́rùn ọmọbìnrin kan, tí ó sì pè é bí ó ti bá a.

Ní 1863 ó bí ọmọbìnrin àkọ́kọ́, ó gba àṣẹ láti sọ ọ́ ní Victoria, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì ọmọ náà. Ìyá tí orúkọ rẹ̀ ti ara rẹ̀ wá ni ó fi orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ rẹ̀. Kò yẹ kí a fi èyí bú u. Ọ̀nà tí ó ṣí fún àwọn Sàró Èkó nígbà náà ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa á ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún 1880. Ọkọ rẹ̀ gbé òpó òkúta ìrántí kan dúró fún un ní Ìjọn, níbi tí oko kòkó rẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n fín sára òkúta náà. Àìná kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo inú ìwé ìgbéyàwó yẹn ni ó jẹ́ kí àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ lónìí lè pè é ní Ọmọba Àìná. Nígbà tí àjọ tí ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ní Ìlú Ọba gbé àwòrán rẹ̀ tuntun kọ́ sí ilé Osborne ní 2020, orúkọ tí òkúta kò gbà ti padà sẹ́nu ènìyàn.

Ní òdì kejì òkun, orúkọ náà gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín àwọn Lùkùmí ní Kúbà, Àìná wà lára orúkọ tí a fi ń pe àwọn Ìbejì obìnrin. Nílé, Àìná kì í ṣe ìbejì. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ìwọ́ ni ó mú un yàtọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti já ènìyàn gbà kúrò lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, gbogbo ọmọ tí ìbí wọn ní àmì ti sún mọ́ ara wọn nínú èrò àwọn ènìyàn. Orúkọ tí í ṣe ìròyìn nílé ti di ohun tí a ń bọ lókè òkun.

Ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, ìlò orúkọ náà kò dúró sójú kan. Johnson àti ọ̀pọ̀ olùkọ̀wé fi Òjó fún ọkùnrin, wọ́n fi Àìná fún obìnrin. Síbẹ̀, ẹni tí ó ṣíwájú gbogbo olùkọ́ iṣẹ́ ọnà òde òní ní Nàìjíríà, Àìná Onabolu, ọkùnrin ni. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní 1882. Ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tí ó gbajúmọ̀ ní 1906, ó sì kú ní 1963. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí Àìná nínú ìwé ìtàn kò gbọdọ̀ yára kọ “arábìnrin” síwájú rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sọ ọ́ di orúkọ ìdílé. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere béèrè orúkọ baba lọ́wọ́ ọmọ tí ó wá forúkọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ dárúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pe baba wọn, ìyẹn àmútọ̀runwá rẹ̀. Báyìí ni Òjó, Àjàyí, Ìgè àti Àìná ṣe di orúkọ tí ń bẹ lẹ́yìn. Àwọn mìíràn gbé e sáàárín. Kofoworọlá Àìná Moore, tí a bí ní Èkó ní 1913, gba oyè ní Yunifásítì Oxford ní 1935, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ayé padà mọ̀ ọ́n sí Ìyáàfin Kofo Ademola. Nínú orúkọ rẹ̀, àbísọ tí ó ròyìn ọlá àti àmútọ̀runwá tí ó ròyìn ìbí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé wọn. Ní ọjọ́ tiwa, agbábọ́ọ̀lù Ọláolúwa Àìná, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1996, tí ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, ń gbé orúkọ náà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Níbẹ̀, kò ròyìn bí a ṣe bí òun fúnra rẹ̀ mọ́. Ìdílé tí ó ti wá ni ó ń ròyìn.

Olùkọ́ tí ó bá rán ọmọ lọ wá orúkọ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ kí ó kọ́kọ́ kì í nílọ̀. Láìsí àmì ohùn, Aina wà ní ibi púpọ̀. Ní èdè àwọn ará Finland, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “nígbà gbogbo” ni. Ní erékùṣù Mallorca, irú Anna kan ni. Aina Wifalk, obìnrin ará Sweden tí ó ṣe ọ̀pá onítáyà tí àwọn arúgbó fi ń rìn ní 1978, kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ìwọ́. Àwọn lẹ́tà jọ ara wọn. Ìtàn wọn kò jọ. Àmì ohùn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà sí ìyọnu ni ó ya ọmọ Òkè-Ọdàn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn wọ̀nyí, òun náà ni kò jẹ́ kí Àìná di iná.

Lónìí, Táíwò àti Kẹ́hìndé kò tíì rẹ̀yìn, nítorí pé ojú gbogbo ènìyàn ni ìbejì fi ń hàn. Ṣùgbọ́n Àìná, Òjó àti Ìgè ti ń dín kù gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọmọ tuntun. Apá kan ìdí rẹ̀ ni ẹ̀sìn, tí ó mú kí àwọn òbí fẹ́ orúkọ tí ó dárúkọ Olúwa. Apá kejì wà ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì a yọ ìwọ́ kúrò lọ́rùn ọmọ, a tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà tí ó jókòó síta kò sì ní gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àìná ṣì ń wáyé lójoojúmọ́, ní iye kan náà tí ó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ẹni tí yóò pè é ni kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe dandan kí gbogbo ọmọ tí ìwọ́ wé lọ́rùn máa jẹ́ Àìná ní ìwé ẹ̀rí ìbí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ Àìná lè bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ pé ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ìlú wo ni a sì bí i sí. Ìyá tí ó bímọ sí ilé ìwòsàn náà lè bi nọ́ọ̀sì pé báwo ni ọmọ òun ṣe wá. Ìbéèrè kékeré ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni ohun kan ṣoṣo tí ọmọ Òkè-Ọdàn rí gbé dé Brighton.